Kí A Tó Máa Yan Abẹ

Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Nínú gbogbo àrùn tí ó máa ń mú òwe yìí ṣẹ sí ọmọ ènìyàn lára, àpẹ́ńdíìsì ni a bá fi ṣe olórí, nítorí pé kì í ṣe arúgbó tí eegun ti ń ro ni ó sábà máa ń dájú sọ, bí kò ṣe ọmọ ilé ìwé, ọmọdébìnrin tí ó ń múra ìdánwò, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí ó sì lè gbé irú ara rẹ̀ méjì ṣánlẹ̀ nínú ìlú Ọ̀ffà wa tí ìjàkàdì jẹ́ orò rẹ̀. Láàárọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jí pẹ̀lú inú tí ó kàn ń ta á díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, òun àti ikú lè ti di ara wọn mú lójú agbo.

Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn tí kò ṣàjèjì mọ́ láàárín ìlú, láàárín àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ti Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù wá sílé ọdún, àti àwọn tí wọn kò fi ìgbà kan kúrò nílé. Apá kan ń sọ pé ayé ti kọjá ibi tí à ń la ikùn ènìyàn bí ẹni ń la ẹja; pé ní ìlú òyìnbó, ihò kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n máa ń lu, tí wọ́n á gba ibẹ̀ yọ ohun tí wọ́n fẹ́ yọ, tí aláìsàn á sì padà sílé lọ́jọ́ kejì; nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní làákàyè má ṣe gbà kí a fi abẹ ńlá kan òun ní ọsibítù ìjọba. Apá kejì a sì dáhùn pé afẹfẹyẹ̀yẹ̀ olówó ni gbogbo èyí, pé baba wọn ní àpá abẹ níkùn ó sì lo ọgọ́rin ọdún láyé. Ìwé ìròyìn yìí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Lójú tiwa, ìbéèrè tí wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ẹ̀gbọ́n tí a kò tí ì bi ní ohunkóhun, ẹ̀gbọ́n náà sì ni pé: wákàtí mélòó ni yóò kọjá láti ìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ Ọ̀ffà kan títí di ìgbà tí abẹ, ìbáà ṣe ńlá ìbáà ṣe kékeré, yóò kan án lára?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, ni ẹ̀yà ara tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ sí, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó ní ojú ihò ní òkè tí kò sì ní ní ìsàlẹ̀. Bí ìgbẹ́ tí ó gan bá dí ojú ihò yìí, tàbí tí nǹkan inú rẹ̀ bá wú tí ó sì dí i, omi inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Yóò wú, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, bí a kò bá sì tètè yọ ọ́, yóò bẹ́, ọyún àti ìgbẹ́ yóò sì tú sínú ikùn. Kékeré ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó sì dàbí ẹni pé ìtàn fẹ́ jẹ́rìí sí òwe yìí gan-an, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ tí a ní àkọsílẹ̀ pé a gé àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ kúrò, ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1735, píìnì ni ó gbé mì. Ìpá ọmọ náà ni Claudius Amyand, oníṣẹ́ abẹ, fẹ́ tọ́jú. Ìgbà tí ó la ibẹ̀ ni ó bá àpẹ́ńdíìsì nínú ìpá náà, tí píìnì ti dá a lu. Ó gé e, ọmọ náà sì yè, ní ayé tí kò tí ì sí oògùn akunnilóorun rárá.

Lẹ́yìn èyí, ó tún tó àádọ́jọ ọdún kí àwọn oníṣègùn tó mọ ibi tí wàhálà ti ń wá. Ní ọdún 1886 ni Reginald Fitz, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, fi hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kú nítorí ọyún inú ikùn, àpẹ́ńdíìsì ni ó bẹ́ sí wọn nínú, ó sì ní kí a máa tètè yọ ọ́. Charles McBurney ti New York ni ó tẹ̀lé e ní 1889, tí ó sọ ojú ibi tí ìka dókítà yóò tẹ̀ tí aláìsàn yóò fi ké. Ní 1894 ni ó sì ṣe àlàyé ọ̀nà tí a lè gbà la ikùn níbẹ̀ láìgé iṣan, tí ó jẹ́ pé ńṣe ni a ó kàn ya àwọn iṣan náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń tọ̀ títí di òní olónìí, ní ọsibítù ìjọba àti ti aládàáni káàkiri ilẹ̀ wa: ojú abẹ kan tí kò gùn púpọ̀, okùn tí a fi so ìdí ẹ̀yà náà, abẹ, àti abẹ́rẹ́ òun òwú tí a fi rán an padà. Kò sì sí ẹni tí ipò rẹ̀ ga ju abẹ yìí lọ. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí a dé Ọba Edward Keje ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ládé, ní oṣù kẹfà ọdún 1902, tí àwọn ọba àti ìjòyè gbogbo ayé ti pé sí Lọ́ńdọ̀nù, tí oúnjẹ àsè ti ń ta sánsán, ọyún ti gbá jọ sí ibi àpẹ́ńdíìsì ọba. Ọba ní òun kò gbọdọ̀ já àwọn ènìyàn òun kulẹ̀, òun yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti fẹ́ dé òun ládé bí ó ti wù kí ó rí, Frederick Treves, oníṣẹ́ abẹ rẹ̀, sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé lọ. Ọba gbà. Wọ́n la ọyún náà, ó sì wà láàyè tí wọ́n fi dé e ládé ní oṣù kẹjọ. A sọ ìtàn yìí nítorí àwọn olórí ẹbí tí wọ́n máa ń sọ pé ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó, ó di ẹ̀yìn Iléyá, kí a tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Olójú ihò, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní laparoscopy, ọmọ àná ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ní ọdún 1980, ní ìlú Kiel ní orílẹ̀-èdè Jámánì, dókítà kan tí ń jẹ́ Kurt Semm, tí iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an jẹ́ ìtọ́jú àwọn obìnrin, gba ojú ihò yọ àpẹ́ńdíìsì. Dípò kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí i kú oríire, ńṣe ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Jámánì ní kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣáájú ìgbà náà pàápàá ni àwọn kan ti ní kí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò bóyá ó pé, ìwé tí ó sì kọ lórí iṣẹ́ náà kò rí ojú ayé títí di 1983. Lónìí, ní àwọn ìlú tí wọ́n ti pè é ní wèrè, ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀. Ìtàn Semm yẹ kí ó kọ́ àwọn tí ń sọ pé afẹfẹyẹ̀yẹ̀ ni iṣẹ́ yìí láti pa ẹnu wọn mọ́ díẹ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Wọn yóò kun aláìsàn lóorun pátápátá, wọn yóò fi ọ̀pá sí i lọ́nà ọ̀fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí, wọn yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn rẹ̀ títí tí yóò fi wú kí ààyè iṣẹ́ lè wà. Wọn yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kámẹ́rà àti iná wà lórí rẹ̀ gba ihò kan nítòsí ìdodo, wọn yóò ti irinṣẹ́ gba ihò méjì mìíràn. Láti ìgbà náà, ojú dókítà kò sí lára aláìsàn mọ́. Ara àwòrán tí ó hàn lójú ẹ̀rọ ni ó wà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú rẹ̀ kò sí.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe àhesọ. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 85 jọ, tí àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún nínú wọn lé ní 9,000, wọ́n sì fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn. Láàárín àwọn àgbàlagbà, àwọn tí ojú ọgbẹ́ wọn kẹ̀ nínú àwọn olójú ihò kò tó ìdajì iye àwọn tí tiwọn kẹ̀ nínú àwọn tí a là. Irora wọn a máa dín díẹ̀ sí ti àwọn tí a là lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n fi nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú kúrò ní ọsibítù, wọ́n sì fi nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ṣáájú padà sẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo ọjọ́ márùn-ún. Akọ̀wé ìjọba yóò gba owó oṣù rẹ̀ bí ó ti wù kí ó pẹ́ lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń pàtẹ ní ọjà Ọwọ́dé, bí kò bá jáde, kò jẹ, ojú ọgbẹ́ tí ó bá sì kẹ̀ mọ́ ọn lára á máa gba owó oògùn àti owó wíwẹ ọgbẹ́ lójoojúmọ́. Àánú ibẹ̀ ni pé àwọn tí olójú ihò ṣe láǹfààní jù lọ ni àwọn tí kò lè sanwó rẹ̀. Ó tún ní àǹfààní pàtàkì fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin, tí ó jẹ́ pé irora ìsàlẹ̀ ikùn wọn lápá ọ̀tún lè jẹ́ àpẹ́ńdíìsì, ó sì lè jẹ́ oyún tí ó dúró síbi tí kò yẹ, tàbí wàhálà ilé ẹyin. Kámẹ́rà yóò rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí ojú abẹ kékeré lápá ọ̀tún kì í ti í jẹ́ kí a rí ohun tó wà lápá kejì.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ apá kejì ọ̀rọ̀, èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wa kì í rántí sọ: láàárín àwọn àgbàlagbà, àwọn tí ọyún tún gbá jọ sí nínú ikùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pọ̀ nínú àwọn olójú ihò ju àwọn tí a là lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọwọ́ tí ó di irinṣẹ́ náà mú kò bá sì tí ì mọ̀ ọ́n, ihò mẹ́ta lè pa ènìyàn bí ojú abẹ kan kò ti lè pa á.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1961, ní ibùdó àwọn ará Rọ́ṣíà ní Antarctica, níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú kankan kò sì lè dé, dókítà kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀, Leonid Rogozov, ọmọ ọdún 27, rí i pé àpẹ́ńdíìsì ti mú òun fúnra òun. Ó gún ara rẹ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú ibì kan mọ irora, ó jókòó ní ìfẹ̀yìntì, ó ní kí awakọ̀ kan bá òun di dígí mú, kí ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ wíwo ojú ọjọ́ máa na irinṣẹ́ sí òun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ikùn ara rẹ̀, ó gé ohun tí ó ń pa á, ó rán an. Ó lo nǹkan bí wákàtí méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. A kò sọ ìtàn yìí kí àwọn olùṣàkóso ìlera ìpínlẹ̀ wa lè máa fi ṣe àwáwí pé dígí àti awakọ̀ ti tó. A sọ ọ́ nítorí pé ó fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín abẹ méjèèjì hàn kedere ju ìwé ìṣègùn lọ. Iṣẹ́ abẹ lílà lè fara da òṣì. A lè fi oògùn tí a gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe é, a lè fi tọ́ọ̀ṣì parí rẹ̀ bí iná bá lọ, irinṣẹ́ tí a sè nínú ìkòkò gbígbóná ti tó o. Olójú ihò kò lè fara dà á. Bí iná bá lọ ní àárín rẹ̀, dókítà ti fọ́jú. Bí gáàsì bá tán, ikùn á rọ mọ́ irinṣẹ́. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ kíkun ènìyàn lóorun, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan wá pé ohun tí ó ṣòro yìí kò lè ṣeé ṣe lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ wa. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá gba Òkukù, Ìkirun àti Òṣogbo kọjá yóò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ó jáde nílé. Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Obafemi Awolowo University, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń gba ojú ihò yọ àpẹ́ńdíìsì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ti kọ ìwé lórí rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ayé láti kà ní ọdún 2012. Kò sí ohun tí ó mú kí irú iṣẹ́ báyìí wọ́n jù tí kò ní ọ̀nà àbáyọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ti pọ̀, wọ́n ní irinṣẹ́ kan tí ń dì tí ń gé ìdí àpẹ́ńdíìsì lẹ́ẹ̀kan náà, tí a kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí a tó jù ú nù. Òwú tí a fi ọwọ́ ta ní kókó lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí wàhálà, irinṣẹ́ irin tí a lè fọ̀ kí a sì tún lò sì wà lọ́jà. Ohun tí ó wọ́n ni ọwọ́ tí a kọ́, ọwọ́ tí a kọ́ yìí ni ó sì ń wọ bàálù lójoojúmọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Saudi Arabia.

Níbí ni a ti fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ wákàtí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀ffà, àti ní Ìjàgbó, Ẹrin-Ilé àti Ìpéè pẹ̀lú, bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ, ọ̀nà tí ó máa ń tọ̀ kó tó dé iwájú dókítà gùn ju ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin lọ. Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè é, wọ́n á sì bu àgbo fún un kí ó lè yàgbẹ́; bí ó bá bì í, wọ́n á ní májèlé ni; lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní táífọ́ìdì ni, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn, olóògùn á gún un ní abẹ́rẹ́; lọ́jọ́ kẹta, bí irora náà bá dákẹ́ lójijì, wọ́n á máa dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ohun tí ó burú jù lọ, nítorí pé ẹ̀yà tí ó wú ti bẹ́, irora tí ó ń fún un mọ́ ojú kan ti tú, ọyún sì ti ń rìn káàkiri inú. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

A kò bú àgbo, a kò sì bú àwọn ìyá tí ń se é. Wọ́n ti fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo oníṣègùn gbà: ohunkóhun tí ó bá ń fi ipá fa ìgbẹ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ìbáà ṣe oògùn òyìnbó tí a fi ń ṣu, ìbáà ṣe omi tí a fi rọ́bà fún ọmọ ní ìdí, kò yẹ fún ẹni tí àpẹ́ńdíìsì bá ń bá jà, nítorí pé ó lè mú kí ó bẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Àmì rẹ̀ kò sì farasin tó bẹ́ẹ̀. Irora náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ìdodo, oúnjẹ kì í wu ẹni náà jẹ mọ́, èébì lè tẹ̀lé e; lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, irora á kó lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, á jókòó síbẹ̀, ara á sì gbóná díẹ̀. Bí ó bá wúkọ́, á dùn ún. Bí ọkọ̀ tí ó gbé e bá já sí kòtò, á ké. Ní ti kòtò, ọ̀nà wa kò ní jẹ́ kí àyẹ̀wò yìí ṣòro fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ ní gbogbo ayé, tí ó jábọ̀ ní ọdún 2015, sọ pé àwọn ènìyàn bílíọ̀nù márùn-ún ni kò ní àǹfààní iṣẹ́ abẹ tí ó dára tí apá wọn sì ká. Ó sì fi wákàtí méjì ṣe òṣùwọ̀n, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jìnnà ju ìrìn wákàtí méjì lọ sí ibi tí a ti lè la ikùn, ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún, kí a sì to egungun tí ó yọ jáde. Ẹni tí ó bá ti gbé aláìsàn kúrò ní Ọ̀ffà ní aago méjì òru, gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsé, mọ bí wákàtí méjì ti rí, ó mọ̀ pé ìrìn nìkan kọ́ ni, wíwá ọkọ̀ wà níbẹ̀, wíwá epo wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù àwọn agbébọn ojú ọ̀nà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí aláìsàn bá bi wá ní òru òní pé èwo ni kí òun yàn, èsì wa kò ní pẹ́: èyí tí dókítà tí ó mọṣẹ́ lè ṣe fún ọ níbí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ni kí o gbà. Abẹ lílà tí ó wà nítòsí sàn ju ojú ihò tí ó wà ní ìlú mìíràn lọ́túnla.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò mú ọ̀nà kẹta wá, pé àwọn aláwọ̀ funfun ti ń fi oògùn apakòkòrò nìkan wò ó sàn láìlo abẹ. Òótọ́ ni, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Finland, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà wá fún iṣẹ́ abẹ láàárín ọdún kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ó fi di ọdún márùn-ún, nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ti yọ ọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n inú ọsibítù ni wọ́n ti gba oògùn wọn, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ CT ti yẹ inú wọn wò láti rí i pé kò tí ì bẹ́ tí kò sì sí ohun líle tí ó dí i. Èyí jìnnà gan-an sí kápúsù mẹ́fà tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri nínú ọkọ̀.

Ti oúnjẹ, tí àwọn kan ń sọ pé ó ń fa àìsàn yìí, náà kò tó ohun tí à ń pariwo lé. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ti pẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ ní ọdún 1971 pé àpẹ́ńdíìsì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ oko wọn, pé ibi tí búrẹ́dì funfun àti ṣúgà bá wọ̀ ni ó máa ń tẹ̀ lé. Àwọn onímọ̀ kò tí ì parí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ọmọ ìlú ọ̀dùnkún ni a ó bínú sí i.

Ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, ohun tí a ní í sọ kò pọ̀, ó sì le díẹ̀. Ẹ wo ohun tí olójú ihò ń béèrè dáadáa: iná tí kì í kú, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́ kíkun ènìyàn lóorun, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, omi, irinṣẹ́ tí kòkòrò kò sí lára rẹ̀, àti oníṣẹ́ abẹ tí kò tí ì wọ bàálù. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni aboyún tí ọmọ há sí nínú kò nílò? Èwo ni ẹni tí a là ní òru kò nílò? Ohun tí a ń pè ní afẹfẹyẹ̀yẹ̀, ìdí rẹ̀ ni ìdí tí gbogbo iṣẹ́ abẹ yòókù dúró lé, tí a kò sì tí ì fi lélẹ̀. Kí ìjọba má ṣe ra kámẹ́rà wá sí ilé ìwòsàn ìjọba ìlú wa kí wọ́n lè ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; kí wọ́n kọ́kọ́ fi iná oòrùn sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n gba ẹni tí ń kunni lóorun kí ó máa sùn nínú ọgbà ọsibítù, kí wọ́n sì rán dókítà méjì lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àdéhùn pé wọn yóò padà wá. Nígbà tí èyí bá dúró tán, kámẹ́rà kò ní pẹ́ kó tó dé, kò sì ní di ohun tí aṣọ eruku bò.

Ọ̀ràn owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú 100 náírà tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ohun tí ó ju 70 lọ ni ó ń jáde látinú àpò aláìsàn fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ tí àìsàn bá dé. Òfin tí ó dá àjọ NHIA sílẹ̀ ní ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Dandan náà kò sì tí ì dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbàṣe àti àwọn aláte. Ìpínlẹ̀ wa kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ ọ̀nà, nítorí pé Kwara yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ Shonga ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó táṣẹ́rẹ́ wọ ìbánigbófò ìlera láti ọdún 2007, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands. Fún àwọn ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, tí wọ́n wà nínú Offa Descendants' Union nílé lóko, a kò nílò láti kọ́ wọn ní bí a ti ń dá owó jọ. Àwọn baba wọn kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Owó tí a fi ń ṣe ìpàdé ọdún kan yóò san ìbánigbófò fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé tí bàbá wọn kò lágbára.

Ohun méjì kù tí a fẹ́ kí gbogbo olórí ilé mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kò fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn kankan, ìbáà jẹ́ ti ìjọba ìbáà jẹ́ ti aládàáni, láti kọ ẹni tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá gbé wá nítorí ohunkóhun. Ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀, ni ó wà fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ kó owó wá ná. Èkejì ni ti ìwé tí a ń fi ọwọ́ sí. A ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé aláìsàn wà lórí ibùsùn, dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́, abẹ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ní òun kò lè fi ọwọ́ sí i, àfi bí bàbá rẹ̀ tí ó wà ní Kánò bá dé, tàbí bí àwọn àgbà ilé bá ti jókòó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 tí iyè rẹ̀ sì pé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé náà. Fún ọmọdé, ọwọ́ òbí tí ó bá wà níbẹ̀ ti tó. Kí baba tí ó ń rìnrìn àjò kúrò nílé ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí kó tó lọ, pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní òru, kí ìyá àwọn ọmọ fi ọwọ́ sí i, kí wọ́n máa fi fóònù sọ fún òun bí iṣẹ́ bá ti ń lọ.